Ọwọ́ Kékeré Kì í Ṣe Ọwọ́ Òfo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ọjà Oyíńgbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ná ọjà náà lónìí, tí ẹnì kan nínú wọn kò sì dé ibẹ̀ mọ́ lọ́la, kò sí ìyá olójà kan tí yóò ké gbàjarè pé òun kò rí i. Ṣùgbọ́n bí ọjà kò bá mọ̀, ilé mọ̀. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Muṣin mọ iye oṣù tí ọmọ ọmọ òun kò fi yà kí òun. Ẹ̀gbọ́n tí ó bímọ ní Sùúrùlérè mọ èyí tí kò wá nínú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí ń gbé ní Yábàá mọ ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dẹ́kun àtimáa ya ọ̀dọ̀ òun.

Bí a bá wádìí ohun tí ó fà á tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe báyìí, a ó rí i pé ìkórìíra kọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìtìjú ni. "Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, báwo ni n ó ṣe gbé ọwọ́ òfo lọ?" Bí wọ́n ti ń wí nìyí, tí ọ̀sẹ̀ fi ń di oṣù, tí oṣù fi ń di ọdún. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nínú àròkọ yìí ni pé ọwọ́ kékeré kì í ṣe ọwọ́ òfo, àti pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ronú lè fi owó díẹ̀ ṣe ẹ̀bùn tí yóò wúlò, tí yóò sì dùn mọ́ ẹni tí ó gbà á. Kò ṣòro láti mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà.

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ ní agbègbè tiwa yìí. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń mójú tó títún ìlú Èkó ṣe, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B., bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti wó àwọn ilé àtijọ́ tí ó fún mọ́ra wọn ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe náà tó nǹkan bí éékà 70. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a wó ilé wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó ẹrù wọn kọjá afárá lọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Peter Marris, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìgbé-ayé àwùjọ, ṣe ìwádìí lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìdílé wọ̀nyí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ẹbí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè máa gbé ní àdúgbò kan náà. Ọmọ lè gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́ láìwọ ọkọ̀. Ní Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ dé, owó ilé dé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Bí owó ti ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀wò ń dín, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ẹbí fi ń ran ẹbí lọ́wọ́ ń dín.

Ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ kò kú nínú ọkàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Agbára wọn ni ó dín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń retí ọmọ tàbí àbúrò tí kò dé, báwo ni yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín àìlówó àti àìnífẹ̀ẹ́?

Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi ọ̀ràn yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ó jẹ́ àṣà mi láti máa yà kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé ni ó ń pè é ní Ìyá Muṣin. N kì í lọ síbẹ̀ láìmú nǹkan dání. Ní ọdún kan, owó oṣù wa kò jáde fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ojú tì mí láti lọ lọ́wọ́ òfo, mo sì jókòó sílé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ń wá ohun tí n ó wí. Ìyá Muṣin kò bi mí léèrè ohun tí mo mú wá. Ó ní, "Ta ni ó ṣẹ̀ ọ́ nínú wa?" Láti oṣù mẹ́ta ni ó ti ń ro ọ̀rọ̀ tí òun sọ tí ó lè bí mi nínú, kò sì rí i. Mo rò pé ńṣe ni mo ń pa àìní mi mọ́. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mo ń ránṣẹ́ ìjà sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ohun tí a fi ránṣẹ́ síni a máa sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí a kò fi ránṣẹ́ náà a máa sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tí a kò fi ẹnu sọ, tí a fi ohun tí ojú rí pa. Ní ọdún 1887, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àlàyé jáde lórí àwọn àrokò kan tí ó wá láti ọwọ́ J. A. Otunba Payne, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó ní ìgbà náà. Nínú àrokò, bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kojú sí ara wọn, ìbátan àti ìpàdé ni ó dúró fún. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìyapa àti ọ̀tá ni. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé "ẹ̀fà" wà nínú mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí pé "ẹ̀jọ" wà nínú mẹ́jọ.

Èló ni owó ẹyọ mẹ́fà, kódà ní ayé ìgbà tí a ń ná an? Kò tó nǹkan. Síbẹ̀ ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé a ti ro ti òun, pé a kà á, pé a fi òwú so ó, pé a rán ènìyàn kí ó gbé e wá. Ìrònú yìí ni ó sọ owó ẹyọ mẹ́fà di ẹ̀bùn.

Ẹ tún wo àwọn ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. A ń fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. A ń fi orógbó súre fún un pé kí ó gbó, a ń fi obì súre pé kí ikú àti àrùn bì sẹ́yìn fún un, a sì ń fi atare súre pé kí ó bí sí i, kí ó rẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà nínú atare kan ṣoṣo. Omi àti iyọ̀ kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí owó rẹ̀ tó owó léèsì tí àwọn àlejò wọ̀ wá síbẹ̀. Síbẹ̀ bí wọn kò bá sí nínú abọ́, àwọn àgbà yóò ní kí a dúró ná. Èyí fi hàn pé Yorùbá kò fìgbà kan fi owó nìkan díwọ̀n ẹ̀bùn.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń fi owó kékeré ṣe ẹ̀bùn? Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Èkínní, ta ni mo fẹ́ fún? Èkejì, kí ni yóò wúlò fún un ní àkókò yìí? Ẹ̀kẹta, èló ni mo ní tí kò sí gbèsè nínú rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, báwo ni n ó ṣe fi í lé e lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn ju ẹ̀kẹta lọ, nígbà tí ìdáhùn rẹ̀ bá sì jẹ́ "díẹ̀," wọn a jókòó sílé bí èmi ti jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá àgbà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá àgbà kan ń gbé ní Muṣin, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n wà ní ilé-ìwé sì fẹ́ kí i fún ọdún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá fi ₦2,500 ra nǹkan lọ́tọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyá gba páálí bisikíìtì mẹ́rin àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Bóyá eyín ìyá kò ká bisikíìtì mọ́. Bóyá dókítà ti kìlọ̀ fún un nípa ṣúgà nítorí àrùn àtọ̀gbẹ, tàbí nípa iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí a rà fún un yóò wá di ti àwọn ọmọdé inú ilé, ìyá yóò sì máa dúpẹ́ lórí ohun tí kò lè fi kan ẹnu. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kó owó wọn pọ̀, ó di ₦10,000. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tí ń bá a gbé léèrè ohun tí ó ń jẹ, kí wọ́n tún bi í léèrè ohun tí ó tán nínú ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n mú owó náà lọ sí ọjà Ojúwoyè ní Muṣin, níbi tí a ti ń wọn oúnjẹ tà, kí wọ́n rọra ná ọjà kiri kí wọ́n tó rà. Ẹ̀wà tí a ti ṣà mọ́, èlùbọ́ tí kò ní ìdọ̀tí, epo pupa tí ó dára: ohun méjì tàbí mẹ́ta tí yóò dé inú ìkòkò ìyá dára ju ohun mẹ́wàá tí yóò wà lórí àga lọ.

N kò dárúkọ iye tí a ń ta kóńgò kan nítorí pé iye ọjà kì í dúró lójú kan. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kí ẹ mú: owó kéékèèké tí a kó jọ lágbára ju owó kéékèèké tí a fọ́n ká lọ. Bí owó yín bá sì kéré ju èyí lọ, ẹ mú ohun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ojúlówó nínú irú tirẹ̀. Iyọ̀ tí ó dára sàn ju lọ́fínńdà tí kò ní òórùn lọ.

Apá kejì ni ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé lọ fún un ni aṣọ ọmọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gbé aṣọ ọmọ wá, oṣù mẹ́ta ni ọmọ yóò lò ó kí ó tó ju aṣọ náà lọ. Ọṣẹ dúdú, òrí, àdín àti kàn-ìn-kàn-ìn tuntun kò wọ́nwó jù, ojoojúmọ́ ni wọn yóò sì wúlò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá ọlọ́mọ tuntun ń fẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, owó kò sì lè rà á ní ọjà: oorun ni. Ọmọbìnrin tí ó bá lọ fọ aṣọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tí ó pọn omi, tí ó sì gbé ọmọ dání fún wákàtí méjì kí ìyá rẹ̀ lè sùn, ti fún un ní ẹ̀bùn tí kò ní gbàgbé láéláé. Àwọn baba wa ní àṣà irú èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ ran ẹnì kan lọ́wọ́ láti ro oko tàbí láti kọ́ ilé, wọn a bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ènìyàn a sì wá fi agbára wọn ṣe iṣẹ́ láìgba owó. Ọ̀wẹ̀ ni ẹ̀bùn ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ le.

Apá kẹta ni ti ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ẹni ní ilé-ìwé. Ní Yábàá, àwọn kan wà tí ń ta ìwé àlòkù. Ẹni tí ó bá mọ irú ìwé tí ọ̀rẹ́ òun fẹ́ràn lè rí i níbẹ̀ ní owó tí kò tó ti ìwé tuntun. Ṣùgbọ́n kí ó ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó sanwó, nítorí pé kò sí ohun tí ń bani nínú jẹ́ bí ìtàn tí ojú ewé ìparí rẹ̀ ti ya dànù. Bí ó bá délé, kí ó fi bébà mímọ́ bo ẹ̀yìn ìwé náà, kí ó sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọjọ́ òní àti gbólóhùn kan ṣoṣo sí inú rẹ̀, èyí tí ó sọ ìdí tí ó fi yan ìwé náà fún un. Gbólóhùn kan yìí ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìwé tí a kàn rí rà àti ìwé tí a wá.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì ṣàìsàn tí kò fi wá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀bùn wo ni ó tó kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà kọ sínú ìwé kan, lọ́nà tí ó ṣeé kà, kí ó sì gbé e lọ bá a nílé? Owó ìwé kan àti owó gègé kan ni ó ná an. Ẹni tí ó gbé èso lọ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìwé yìí lọ ti bá aláìsàn gbé ẹrù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní ti owó tí a fi ń ra ẹ̀bùn, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ gbangba. Ẹ̀bùn tí ó kọjá agbára ẹni tí ó ń fúnni kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì tí mo ń kọ́ mú lára owó ìdánwò tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó fi ra aago ọwọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí. Kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àkókò owó ìdánwò tó, àṣírí tú. Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ awakọ̀, lọ yá owó kí orúkọ ọmọ náà má baà yọ kúrò nínú ìwé. Aago wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀rẹ́, gbèsè wà ní ọrùn bàbá. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà gbọ́, kò lè wọ aago mọ́. Ìgbà tí ó yá, kò lè wo ojú ẹni tí ó fún un pàápàá. Ohun tí a rà láti fi mú ọ̀rẹ́ dán mọ́rán ni ó bà á jẹ́.

Bí ẹnì kan bá mọ̀ pé ọjọ́ ńlá kan ń bọ̀, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni èyí láàárín wa. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: àwọn ènìyàn a máa dá iye kan náà jọ ní àkókò tí wọ́n dá, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa kó gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Àjọ sún mọ́ èsúsú, ṣùgbọ́n ní ti àjọ, alájọ ni ó ń tọ́jú owó olúkúlùkù, owó ọjọ́ kan nínú oṣù a sì máa jẹ́ ti alájọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò alájọ. Kóló kan tí a gbé sí ìsàlẹ̀ ibùsùn tó. Ẹni tí ó ń sọ ₦100 sínú kóló ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bá ₦5,200 níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52, kò sì ní jí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí a bá ti ra ẹ̀bùn tán, ó ku bí a ó ti dì í àti bí a ó ti fi í fúnni. Ohun tí a fi gbé ẹ̀bùn kò yẹ kí ó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀bùn. Bébà tí ń dán tí a ó ya dànù ní ìṣẹ́jú kan kò níláárí tó abọ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ kékeré tí ìyá yóò máa lò lẹ́yìn tí ohun inú rẹ̀ bá tán. Àwọn télọ̀ àdúgbò a máa ní àjákù aṣọ àǹkárá tí wọn kò lò mọ́. Bí a bá tọrọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì lọ̀ ọ́, yóò bo ojú apẹ̀rẹ̀ dáradára. Kí a nu ara ìgò epo kí ó má ba aṣọ jẹ́. Kí a yọ ìwé iye owó kúrò lára ohun tí a rà.

Bí ó bá jẹ́ àgbà ni a gbé e fún, ọmọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin yóò kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni a ó sì fi gbé e sílẹ̀. A kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. A kì í ka iye tí a ná sí etí ẹni tí a fún, a kì í sì í bú ẹ̀bùn ẹni débi pé ẹni tí ó gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀tù sí wa nínú. Ó tó kí a wí pé, "Ìyá, a ní kí a wá kí yín ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo bí ó ti kéré." Lẹ́yìn èyí, kí a jókòó. Kí a má ṣe bí ẹni tí ń já lẹ́tà, tí ó gbé e sílẹ̀ tán tí ó ń sáré lọ. Kí a gbọ́ ìròyìn ilé, kí a sì sọ tiwa. Kí a sì má ya àwòrán ẹni tí a fún ní nǹkan láti fi han gbogbo ayé lórí fóònù, nítorí pé ẹ̀bùn tí a fi ń polówó ara ẹni ti di ọjà.

Ẹni tí ó gbà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Àṣà Yorùbá ni pé a ń dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, a tún ń dúpẹ́ àná. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú tín-ínrín ẹ̀bùn kékeré lónìí ni ó ń lé àwọn ènìyàn sá, tí yóò sì máa bi léèrè lọ́la pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò yà kí òun.

Kí n má tàn yín, ẹ̀bùn kékeré ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹbí ẹni bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí owó egbòogi kò sì tó, kò sí ọ̀ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ tí ó lè dípò owó náà. Ńṣe ni kí a kó ohun tí a ní jọ kí a fi ṣe ìrànwọ́. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò ní sí ohunkóhun rárá, tí kóló yóò ṣófo, tí iṣẹ́ kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀wẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dìde kí ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Ẹ lọ kí wọn, ẹ sọ òtítọ́ pé, "Ọwọ́ mi ò tí ì tó o, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín." Àgbà tí ó bá gbọ́ èyí kò ní jókòó fún oṣù mẹ́ta kí ó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ìyá Muṣin ti lọ sí ọ̀run báyìí. Láti ọjọ́ tí ó bi mí léèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ mí títí di ọjọ́ tí ó kú, n kò tún jẹ́ kí ìparí oṣù kan kọjá lórí wa bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù tí owó bá wà, mo ń gbé èlùbọ́ lọ. Ní oṣù tí owó bá ṣọ̀wọ́n, mo ń ra obì àbàtà méjì pére, nítorí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn láti máa jẹ obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Yóò pa ọ̀kan, yóò fún mi ní awẹ́ kan nínú rẹ̀, a ó sì jọ jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ṣe bí agbára yín ti mọ, ẹ máa fi ọgbọ́n sí i, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà hù. Ọ̀nà tí ó bá ti hù, owó púpọ̀ kì í tètè là á.